Ojú Tí Ọ̀gá Rọra Kò Ṣẹ́

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kí ó máa kọ́ àwọn tí kò mọ ọkọ̀ wà bí wọn kò ṣe ní í pa òun. Ó ti ṣe é títí irun orí rẹ̀ fi funfun, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ju "rọra" lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ọ̀gá Rọra. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, ní òun nìkan ni ọkùnrin náà kò rọra fẹ́.

Ó ní àṣà kan. Bí àlejò bá jókòó pẹ́ jù, á wo ìyàwó rẹ̀, á sì ṣẹ́ ojú ọ̀tún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni, "Gbà mí." Ìyàwó á dìde, á ní kó wá bá òun gbé nǹkan wúwo kan ní ẹ̀yìnkùlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, nǹkan wúwo kan náà ni wọ́n ń gbé, kò sì tíì kúrò lójú kan.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, agbẹjọ́rò kan tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ kọlu òpó iná. Ó ní òpó náà kò ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀. Ọ̀gá Rọra, tó jókòó tì í, kò bá a jiyàn. Bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ ti fa ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ìlà pupa kan síbẹ̀. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí n lọ sọ kí ni? Pé bẹ́líìtì ṣe iṣẹ́ ẹ̀? Òpó iná ló yẹ kí wọ́n lọ wò."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọrùn ń ro ó, orí sì ń fọ́ ọ lápá kan. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé. Ìyá yìí ní ike ìpara kan tó ń ta lójú ju àlùbọ́sà lọ, àti àtàǹpàkò méjì tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Jókòó síbí, àbúrò mi. Iṣan ló takókó. Màá tẹ̀ ẹ́ títí á fi tú."

Ìyàwó, tó ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gbójú sókè, ó sì rí ojú ọ̀tún ọkọ rẹ̀ tó wálẹ̀. Gbà mí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó tẹrí ba sí bọ́tìnì rẹ̀. Ẹni tó kọ ọsibítù, kó jìyà àtàǹpàkò díẹ̀.

Ó tún gbójú sókè. Ojú náà ṣì wà nílẹ̀.

"Ó tó o, mo ti rí yín," ló wí.

"O rí kí ni?"

"Ojú tí ẹ̀ ń ṣẹ́."

"Ojú wo? N ò ṣẹ́jú."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú. Ìpéǹpéjú ọ̀tún ti sọ̀ kalẹ̀, ọmọlójú tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì kéré ju ti òsì lọ. Ọkùnrin náà kàn ń wò ó ni. Ẹ̀gbọ́n ti bu ìpara sọ́wọ́. Ìyàwó di ọwọ́ méjèèjì mú.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má bínú, ẹ má fọwọ́ kan ọrùn yẹn."

"Èmi ni o di lọ́wọ́ mú, ìyàwó?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Tó bá yá, ẹ bá mi jà. Ẹ kọ́kọ́ bá wa pe takisí ná."

Ẹ̀gbọ́n wo ojú àbúrò rẹ̀ dáadáa. Ó sáré bọ́ sójú títì, ó sì dá takisí dúró bí ọlọ́pàá.

Dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́. Wọ́n ya àwòrán inú orí, wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní ìyẹn kò tíì tó, pé ìlà pupa ọrùn àti ojú tó sọ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n fa oògùn tó ń mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ hàn sí i lápá, wọ́n sì ya àwòrán ọrùn náà.

"Mà, ẹ mọ kóòtù tí wọ́n fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú ẹ̀?" ni dókítà bi ìyàwó.

"Iṣẹ́ mi ni."

"Bí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí bẹ́líìtì fa ọrùn bàbá, aṣọ inú ya. Ẹ̀jẹ̀ ń wọ àárín aṣọ méjèèjì, ọ̀nà wá ń há. Àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìpéǹpéjú ró gba ara iṣan yẹn kọjá, òun ló jẹ́ kó sọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni kí ẹ̀jẹ̀ má dì síbẹ̀, kó já, kó wọ ọpọlọ."

"Rọpárọsẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ti lọ tẹ ọrùn yẹn..."

Ẹ̀gbọ́n, tó dúró lẹ́yìn wọn, rọra ká àtàǹpàkò méjèèjì sínú ẹ̀ṣẹ́.

"Ṣé ẹ ò lè rán an ni?" ni ìyàwó béèrè.

"Ká ní gbogbo ohun tó ya ló ṣeé rán ni, mà, ẹ ò bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Irú èyí sábà máa ń lẹ̀ padà fúnra ẹ̀. Oògùn tí kò ní í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì la máa fún wọn, a ó sì máa ṣọ́ wọn."

Nọ́ọ̀sì sọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́: kí ẹnu má wọ́, kí apá má rọ, kí ọ̀rọ̀ má lọ́. Ìyàwó wá ọ̀nà tirẹ̀. Ó ń wá ìjà ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ ò fẹ́ràn ìyá mi rí."

"Ta ló mú ìyá ẹ lọ ra awò ojú? Ta ló ń tún òrùlé ẹ̀ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde geere. Ọkàn obìnrin náà balẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún wá ìjà mìíràn.

Ọkùnrin náà wo àjà. "Ìyá Ìbejì, ṣé ìjà lò ń bá mi jà ni, àbí àyẹ̀wò lò ń ṣe fún mi?"

"Ẹ ṣáà máa fèsì. Ẹ fún ọwọ́ mi."

Ó fún un, ó le dáadáa. Àyẹ̀wò parí, kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Mo rò pé ẹ̀ ń pè mí ni," ni obìnrin náà wí. "Mo rí i, mo sì tẹrí ba sí bọ́tìnì."

"O wá, àbí o ò wá?"

Wọ́n dá wọn padà sílé tòun ti oògùn. Dókítà ní Ọ̀gá Rọra kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo. Ọkùnrin náà béèrè bóyá ti ẹ̀yìnkùlé wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n tún ya àwòrán ọrùn náà: aṣọ inú ti lẹ̀ padà, ọ̀nà ti là. Ìpéǹpéjú nìkan ni kò gòkè tán. Dókítà ní ó lè máà gòkè tán mọ́ láéláé. Àwọn obìnrin àdúgbò wá rò pé gbogbo àwọn ni Ọ̀gá Rọra ń ṣẹ́jú sí. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí inú wọn dùn.

Nígbà tó yá, agbẹjọ́rò wá kí wọn. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ òpó iná láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì rí ojú ọkọ rẹ̀ tó fún pọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gbọ̀n, ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti sọdá yàrá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ̀.

"Bàbá Ìbejì! Ẹ sọ̀rọ̀! Ẹ sọ ohunkóhun!"

"Gbà mí," ni ọkùnrin náà wí wẹ́rẹ́. "Ojú òsì ni mo wá ń fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́jú."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí àlejò. "Ẹ má bínú, sà. Nǹkan kan wà ní ẹ̀yìnkùlé tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi wò."

Ní ẹ̀yìnkùlé, kò sí nǹkan kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ojú ọkọ rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ́ pa mí kí ẹ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ tún un ṣe, kí n wò. Rọra."