Ọ̀gá Tó Ń Fi Imú Ṣọ́ Géètì

Àwọn káfíńtà ṣọ́ọ̀bù kan sọ ọ̀gá wọn ní Imú. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ o, wọn ò ya wèrè. Ní àràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pákó, obìnrin yìí á ti dúró lẹ́nu géètì, á ní kí kálukú ya ẹnu, á sì fa imú síbẹ̀. Ẹni tí ọtí bá ń rùn lẹ́nu rẹ̀, ilé ló ń padà sí. Ọkọ rẹ̀ ló kú tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un, ó sì ti búra pé ẹ̀rọ ìlapákó ibẹ̀ kò ní gé ìka ẹnikẹ́ni lójú òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́ pọ̀ ni ọ̀dọ̀ agépákó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà. Àbúrò ọkọ ọ̀gá ni. Ọ̀gá fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó bá a nílé nígbà tó ń bọ̀ wá ṣe ìyàwó, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni títí ayé. Báwo lèèyàn ṣe ń gbóòórùn ẹnu ọkọ ẹni ní gbangba?

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yanu."

"Ìyàwó wa, ṣé o sùn dáadáa?"

"Mo sùn dáadáa, sà. Ẹ yanu, ọtí ni mò ń wá."

Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, kànáfùrù dé. Àwọn tó ń mutí ń jẹ ẹ́ láti fi bo òórùn ọtí, àwọn tí kì í mutí náà ń jẹ ẹ́, kí wọ́n má bàa dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń ta sánsán bí ìkòkò ọbẹ̀, ọ̀gá sì ń sín láti géètì dé ọ́fíìsì. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni kò rùn rárá: ti agépákó. Ẹni tí ọtí máa ń bú jáde lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀! Inú ọ̀gá dùn débi pé ó nàka sí i láàárín gbogbo wọn. "Ẹ wo ọkọ mi! Ẹ kọ́gbọ́n lára wọn!" Ọgbọ́n wo, ìyá?

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, ọ̀gá ń kọjá nídìí ẹ̀rọ, ó rí agépákó tó ń ti pákó lọ, jẹ́jẹ́, bí ó ṣe yẹ. Ojú rẹ̀ ló ti pa dé. Pákó ti ń tán lọ, ọwọ́ ló kù. Ọ̀gá ò tilẹ̀ pariwo. Ó fi ipá lu súìṣì ara ògiri, ó gbá bẹ́líìtì ọkọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì sì jọ ṣubú sínú eruku pákó. Ìka pé. Àpò ṣòkòtò agépákó ló tú, hóró oògùn apàrora fọ́n káàkiri, irú èyí tó ń kunni lóorun, tí kò yẹ kéèyàn lò láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún un.

"Èyí kì í rùn," ni agépákó wí nílẹ̀ tó wà. "Ìwọ lo ní o ò fẹ́ òórùn."

Àwọn káfíńtà ní kí ọ̀gá lé e. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ó mú un wọ ọ́fíìsì, ó sì bi í ní ohun tí kò bi í rí láti ìgbà tó ti ń yẹ ẹnu rẹ̀ wò: "Kí ló ń ṣe yín gan-an, ọkọ mi?"

"Ẹ̀yìn ni. Láti ọjọ́ tí ìdì pákó wó lù mí."

Ọ̀gá rántí ọjọ́ náà. Ọkùnrin yìí ní òun fẹ́ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ nílé, ọ̀gá sì bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kó kọ́kọ́ parí iṣẹ́ oníbàárà. Ojú tì í gidigidi. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sílé ìwòsàn.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń yanu ní géètì mọ́. Òfin mìíràn ló wá rọ́pò rẹ̀. "Ẹni tára ẹ̀ ò bá dá, tàbí tó ti fẹnu kan nǹkan, kó sọ fún mi ká tó tan ẹ̀rọ. Sáńpépà ló máa fi ha àga lọ́jọ́ yẹn, owó ẹ̀ ò ní dín. Ẹni tó bá fẹ́ ìtọ́jú, màá mú un lọ. Ẹni tó bá dákẹ́ tó lọ sídìí ẹ̀rọ, ìyẹn ni màá lé." Wọ́n gbọ́, kálukú sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ fi orí ara rẹ̀ dán pàkúté wò?

Àárọ̀ tí dókítà ní kí agépákó padà sídìí ẹ̀rọ ni iṣẹ́ kan wọ ọ̀gá lọ́rùn: àga gbọ̀ngàn tuntun kan, tí wọ́n ń bọ̀ wá kó ní ìrọ̀lẹ́, tí pákó rẹ̀ ò tíì gé tán. Ọ̀gá na kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọkùnrin náà ò gbà á.

"Ìyàwó wa, lónìí kọ́. Ẹ̀yìn ò jẹ́ kí n sùn, mo tún lo hóró kan. Ọ̀kan ni, àmọ́ mo lò ó."

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀gá ní kó ṣáà rọra gé díẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó fún ọkọ rẹ̀ ní sáńpépà, ó sì pe oníbàárà lórí fóònù níbi tó dúró sí, ó ní agépákó ò lè gé pákó lónìí. Ẹni yẹn pariwo débi pé gbogbo wọn ń gbọ́ ọ: ta ni kò lè gé pákó lónìí, kí wọ́n wá ẹlòmíì!

"A ò wá ẹlòmíì," ni ọ̀gá wí. "Agépákó wa wà níwájú mi níbí, ìka wọn sì pé. Àga yín ò ní jáde lónìí, ẹ má bínú."

Kò tíì gbé fóònù kúrò létí tí ẹni tó ń dá ihò sára pákó fi nawọ́ sókè lẹ́yìn, ojú rẹ̀ nílẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ṣé sáńpépà ṣì kù?"