Ọwọ́ Gàrí Lórí Tábìlì Tẹ́nìsì

Ẹyin tẹ́nìsì náà ti gba apá òsì ọmọbìnrin kan kọjá, mo sì ti fẹ́ yíjú padà sí iṣẹ́ mi, nítorí mo mọ̀ pé ó tán. Kò sí ẹni tó ń gba irú ẹyin bẹ́ẹ̀ láìfi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a. Ọmọbìnrin náà kò lo ẹ̀yìn ọwọ́. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba iwájú ikùn kọjá, ó tẹ ẹyin náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń tẹ nǹkan mọ́ ìdí ìkòkò, ó sì gbọ̀n ọ́n sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyin fi bí ínṣì kan péré ré kọjá lórí nẹ́ẹ̀tì, ó balẹ̀ sí igun tábìlì, kò sì fẹ́ẹ̀ ta mọ́. Ó kàn yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá a gbá a dúró, ó ń wo igun náà bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀.

Mo gbé òòlù mi lé orí igi. N kò kan ìṣó mìíràn mọ́ títí wọ́n fi gbá géèmù náà tán.

Orí igi òrùlé ni mo wà lọ́jọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ifọ̀ tí ìjì ti ṣí páànù orí rẹ̀. Káfíńtà ni mí. Lọ́tò ní Mowé ni mo háyà yàrá sí nígbà tí mo kúrò lágbègbè Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbọ̀ngàn yẹn gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méje ní Ifọ̀. Àsìkò SAP ni, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba mú nǹkan le koko, iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣà lẹ́sà nígbà náà. Àwọn tó ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì nínú gbọ̀ngàn náà kò dúró dè mí. Wọ́n gbé tábìlì wọn sí abẹ́ ibi tí mo bá ti kan páànù tán, eré wọn sì ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wo tẹ́nìsì láti òkè, níbi tí kò ti sí irọ́. Ẹni tó dúró nílẹ̀ lè bá ọ jiyàn pé ẹyin kan tábìlì tàbí kò kàn án. Ẹni tó wà lórí igi rí i.

Ẹ má rò pé mo mọ̀ ọ́n gbá o. Ní Ìbàfò, níbi tí mo ti kan tábìlì àkọ́kọ́ mi, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nà mí lórí tábìlì tí èmi fúnra mi kàn. Ṣùgbọ́n mo mọ tábìlì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni gígùn rẹ̀, márùn-ún ni fífẹ̀ rẹ̀, méjì ààbọ̀ ni gíga rẹ̀. Ínṣì mẹ́fà ni nẹ́ẹ̀tì. Bí o bá ju ẹyin sílẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ó ta padà dé nǹkan bí ínṣì mẹ́sàn-án. Bí kò bá dé ibẹ̀, pákó rẹ kò dára, tú u. Gbogbo èyí wà nínú ìwé òfin kékeré kan tí mo rà láàárín ìwé ògbólógbòó, tí mo kà títí èèpo rẹ̀ fi bọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé ọmọbìnrin náà ń gbá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbá rí ní agbègbè wa, kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́.

Kì í di ọwọ́ báàtì mú. Orí báàtì gan-an ló ń dì mú: ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò àti ìka kékeré há etí rẹ̀ méjèèjì, igi ọwọ́ báàtì wá ń yọ jáde lábẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ohun tí kò wúlò. Ojú kan ṣoṣo ló fi ń gbá a. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń dúró sí tábìlì, kì í kọjú sí i, yóò sì fún ojú rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí nǹkan ń ta lójú. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nà wọ́n.

Ohun tó rú mi lójú ni ibi tó ti kọ́ ọ. Wọ́n ní Ìbógùn ló ti ń wá, pé ìyá rẹ̀ ń yan gàrí níbẹ̀, àti pé bó bá ti já gàrí sílẹ̀ ní Ifọ̀ lọ́jọ́ ọjà, ọ̀dọ̀ tábìlì ló ń gbà lọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìbógùn. Mo bá ìyá rẹ̀ níwájú agbada gàrí, àwọn obìnrin bí mẹ́rin mìíràn jókòó tì í, mo sì sọ fún wọn pé èmi ni káfíńtà tó ń kan òrùlé gbọ̀ngàn Ifọ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ iná nítorí èéfín, ó fún ojú pọ̀. Àfọ́kù igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ẹ̀yìn igbá náà. Ó tẹ gàrí mọ́ agbada kí ó má baà dì, ó gbọ̀n ọ́n sókè. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ̀n ọ́n. Mo dúró, ẹnu mi là sílẹ̀.

“Kí lẹ̀ ń wò, Káfíńtà?” ni ìyá náà wí.

“Ọwọ́ yín ni, mà.”

“Ọwọ́ mi? Ẹ ò ríṣẹ́ ṣe ní Ifọ̀ ni?”

Obìnrin kan lára wọn ní, “Ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ló fẹ́ fẹ́, ọwọ́ ìyá ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò.”

“Mo ti níyàwó, mà.”

“Ta ló bi yín?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gàrí fi fẹ́ jóná. N kò bínú. Ohun tí mo wá wò, mo ti rí i. Wọ́n ní láti ọmọ ọdún méje ni ọmọ yẹn ti ń tẹ gàrí tó sì ń gbọ̀n ọ́n, ó wá mú ọwọ́ kan náà bọ́ sí ìdí tábìlì. Ta ni ó wá fẹ́ sọ fún mi pé ọwọ́ tí wọ́n fi ọdún méjìlá kọ́ kò dára tó ọwọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ago iléèwé?

Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ wà, ó sì lágbára. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ ẹgbẹ́ tẹ́nìsì Ifọ̀, òun náà ló sì ń yan ẹni tó máa lọ sí ìdíje ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, kò sí àyè ẹnì kẹta. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé lọ bá a.

“Tíṣà, ẹ mú ọmọ Ìbógùn yẹn lọ, sà.”

“Èwo? Èyí tó ń di báàtì mú bí ẹni fẹ́ fi gbọ́n omi?”

“Ó ń nà wọ́n, sà.”

“Ó ń na àwọn ará Ifọ̀. Bó bá dé Abẹ́òkúta báyìí, èmi ni wọ́n á fi ṣẹ̀sín. Bó bá fẹ́ lọ, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di báàtì mú. Mo fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.”

Ọmọbìnrin náà gbìyànjú, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi di ọwọ́ igi mú bí Tíṣà ṣe fẹ́. Mo ń wò ó láti òkè, inú mi ń bàjẹ́. Ẹyin rẹ̀ kò lẹ́mìí mọ́. Àwọn tó ti ń bẹ̀rù rẹ̀ wá ń pè é láti wá gbá a. Ní ọjọ́ kẹtàlá, ó gbé báàtì lé orí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ yìí kì í ṣe tèmi.”

“Á jẹ́ pé Ìbógùn lo máa wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ń lọ.”

“Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa lọ, ọwọ́ mi ni màá gbé lọ.”

Mo ti wà nílẹ̀ kó tó dìde lórí eékún, ìwé òfin wà lọ́wọ́ mi. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé báyìí ni kí ènìyàn ṣe di báàtì mú.”

Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó ṣí ìwé náà síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. “Ìwọ káfíńtà lo fẹ́ kọ́ èmi lófin?”

“Èmi kọ́, sà. Ìwé ni. Ó ní kí báàtì wà lọ́wọ́. Kò ní kó wà níbì kan pàtó lọ́wọ́.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, èyí ló bí i nínú jù. Ó pe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó dára jù, ọmọbìnrin iléèwé girama kan tí eré rẹ̀ mọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó ní kí àwọn méjèèjì gbá géèmù mẹ́ta, kí ẹni tó bá jẹ méjì máa lọ. Ọmọ Ìbógùn jẹ àkọ́kọ́, mọ́kànlélógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó pàdánù èkejì, méjìdínlógún sí mọ́kànlélógún, Tíṣà sì bẹ̀rẹ̀ sí mi orí. Ó jẹ ẹ̀kẹta, mọ́kànlélógún sí méjìlá.

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ó dáa. Bí wọ́n bá fi wá ṣẹ̀sín, Káfíńtà, ìwọ ni màá dá lẹ́bi.”

“Mo gbà á, sà.”

Mo pinnu láti ṣe báàtì fún un, nítorí igi ọwọ́ báàtì tí wọ́n ń tà lọ́jà ń gún un lọ́rùn ọwọ́. Igi àfàrà ni mo lò, mo gé ọwọ́ rẹ̀ kù sí ínṣì méjì, mo sì lẹ rọ́bà dúdú tí mo bó lára báàtì àtijọ́ mọ́ ojú tó fi ń gbá a. Òfin ní bí ojú kan bá jẹ́ dúdú, pupa ni kí èkejì jẹ́, bí kò tilẹ̀ sí rọ́bà lára rẹ̀. Mo kùn ún ní pupa. Lẹ́yìn náà, mo fi fánìṣì lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi lé e, nítorí n kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí kò dán jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ní Abẹ́òkúta, rẹfirí gba báàtì náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni, sà,” ni mo wí, mo ń retí ìyìn.

“Mo ń rí irùngbọ̀n mi nínú ẹ̀. Òfin ní kò gbọdọ̀ dán. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá báàtì mìíràn, tàbí kí ẹ máa lọ sílé.”

Tíṣà na ọwọ́ sí mi fún ìwé òfin. Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú gbólóhùn kan náà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ dúdú àti pupa. Mo ti ka gbólóhùn yẹn bí ọgọ́rùn-ún ìgbà. Káfíńtà tó wà nínú mi ló fo ọ̀rọ̀ yẹn. Aṣọ ìgbafẹ́ ni mo wọ̀ wá, n kò ní gíláàsì-pépà tí a fi ń ha igi kankan lápò, báàtì mìíràn tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn tó ń gún un lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin náà gba báàtì lọ́wọ́ rẹfirí, ó jáde sí ìta, ó lóṣòó sílẹ̀. Ó bu yanrìn, ó bomi sí i díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ ẹ̀yìn báàtì náà bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò. Gbogbo fánìṣì mi, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta! Mo fi ọwọ́ lérí.

“Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà,” ló wí, kò gbójú sókè, “bó bá ń dùn yín, ẹ kọ̀yìn síbí.”

Rẹfirí tún gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ti họ, kò sì dán mọ́. Ó dá a padà fún un.

Nígbà tó di báàtì mú, ẹ̀rín ta nínú gbọ̀ngàn. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Onígàrí, ẹja dà?”

“Ẹ fara balẹ̀,” ló dá a lóhùn, “kò tíì gbóná.”

Ó gbóná. Ó na ẹni àkọ́kọ́ ní géèmù méjì sí òdo, ó na ẹnì kejì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ni ó pàdé ọmọbìnrin Abẹ́òkúta tó ń gba ife náà lọ́dọọdún, wọ́n gbá géèmù mẹ́ta, ó sì pàdánù ìkẹta pẹ̀lú mọ́kàndínlógún sí mọ́kànlélógún. Àmì méjì!

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ní wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ burúkú kì í gba ife. Mo dáhùn níbẹ̀, mo sì ń dáhùn síbẹ̀. Mo ka àmì géèmù ìkẹta yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá nínú ohun tó pàdánù, ẹsẹ̀ ni. Kò tètè kúrò ní igun òsì. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ń gbá a lójoojúmọ́ lórí tábìlì tó péye. Ọmọ tiwa ń gbá a lọ́jọ́ ọjà, lábẹ́ òrùlé tí mo ń kàn lọ́wọ́. Ẹ fún un ní ọdún kan àti tábìlì kan, kí ẹ tún bi mí nípa ife ìpínlẹ̀. Ẹ tilẹ̀ bi mí nípa ti orílẹ̀-èdè, n kò ní sá.

Àwọn aláṣẹ bi Tíṣà bóyá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbá ìfigagbága fún ipò kẹta, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn fi kún un pé, “Ẹ tún bá a yí ọwọ́ padà ná.”

Tíṣà wo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀. “Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn,” ló wí. “Ẹ sọ ẹyin sílẹ̀.”

Ọmọ wa gbá a, ó sì jẹ: mọ́kànlélógún sí mẹ́rìndínlógún. Mọ́kànlélógún sí mọ́kànlá.