Kò Sí Àgbà Nínú Ìlà: Fún Kúnlé, Balógun Wa

Kúnlé, o tún ti ṣáájú mi o. Èmi tí mo ti ń rìn lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ, èmi ló yẹ kí o máa dágbére fún. Ó dìgbà kan ná, àbúrò mi.

Èmi kò kàwé. Oko ni bàbá mi fi tọ́ mi, ọmọ mi Bọ́lá ló sì ń bá mi kọ èyí. Ó ní kí n má sọ pé mo ń jowú òkú. Mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń jowú rẹ, Kúnlé.

Gbogbo ẹni tó wá dágbére fún ọ níbí ló mọ bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwa bàbá ṣe rí kí o tó dé. Ní pápá ìlú Lewisville níbí, kò sí ẹgbẹ́ tí kì í fi wá ṣeré. Èmi ni mo dàgbà jù, iwájú ni mo sì ń gbá. Ẹni tó bá ti rí bọ́ọ̀lù, èmi ló máa gbé e fún, ìbáà jẹ́ pé ọ̀tá mẹ́ta ló yí mi ká. Ọ̀wọ̀ ni. Kò sí ẹni tó lè pariwo mọ́ mi. Kí wọ́n tó sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé e wá" tán, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n wa.

Ìwọ wá láti ìlú Forney, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, tí kò tíì fojú kan oorun, wọ́n sì fi ọ́ ṣe balógun. Èmi ni mo rò pé wọ́n máa fi ṣe é. O mú ìyẹ̀fun funfun, o fi fa ìlà yí pápá ká fúnra rẹ, ó gún bí aporo oko bàbá mi. Lẹ́yìn náà lo ní: "Ẹni tó bá ti kọjá ìlà yìí, kò sí àgbà mọ́, kò sí ọmọdé. Ẹni tó bá wà ní àyè ni kí ẹ gbé bọ́ọ̀lù fún."

Ọjọ́ náà gan-an lo pe orúkọ mi ní gbangba. "Àkànjí, ṣé bọ́ọ̀sì lò ń dúró dè ni? Sáré!" Mo ní kí o lọ bá bàbá rẹ sọ bẹ́ẹ̀. Mo jáde, mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ mi. Nígbà tí fèrè ìparí dún, o wá bá mi, o dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré tó gbóná. "Ẹ má bínú, Bùọ̀dá mi. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ta ló lè máa bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo gbìyànjú, kò ṣeé ṣe.

Mo padà wá, o sì gbé mi kúrò níwájú, o ní ẹ̀yìn ni kí n máa gbá. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ na àwọn kan láti Carrollton, èmi ni mo gbé bọ́ọ̀lù tí o gbá wọlé fún ọ. Ìwọ ni wọ́n gbé sórí èjìká. Kò sẹ́ni tó gbé mi. Láti ìgbà náà, ìyàwó mi á ṣa àgbàdo tó yọmọ jù nínú èyí tí mo gbìn sẹ́yìn ilé, á ní ti balógun ni. Èmi tí mo gbìn ín á wá jẹ èyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti bù jẹ. Àwọn ọmọ mi ń pè ọ́ lórí fóònù kí wọ́n tó pè mí. O sì yẹ fún un. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Nísinsìnyí wọ́n ní àgbà kì í dé ibojì àbúrò. Wọ́n ní kí n jókòó sílé lónìí. Ìyàwó mi náà sọ ọ́, bó tilẹ̀ mọ̀ pé olóríkunkun ni mí.

Ìyẹ̀fun funfun tó ṣẹ́ kù wà nínú ahéré ẹ̀yìn ilé mi. Mo ti gbé e sínú ọkọ̀. Tí a bá dé itẹ́ òkú, màá fa ìlà yí ibojì rẹ ká, màá sì kọjá sínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró. Kò sí àgbà níbẹ̀, ìwọ lo sọ ọ́. Tí mo bá jáde, mo tún di ẹ̀gbọ́n rẹ, owú mi á sì máa bá a lọ.

Sùn re o, balógun mi. Mo ń sáré bọ̀, bí o ṣe ní kí n máa ṣe.