Àkànní, Oníjàkadì Tí Kì Í Di Ẹsẹ̀ Mú

Ó mà wá dìgbà, Àkànní. Èmi baba tó yẹ kí o sin ni mo ń dágbére fún ọ. Mi ò kàwé. Ẹnu ni mo fi ń sọ, mo sì ti kìlọ̀ fún ẹni tó ń kọ ọ́ pé kó má bá mi fi oyin sí i.

Ọjà àgbò Alábà Rágó ni a ti jọ ń já ẹran sílẹ̀ nínú tírélà. Mo kọ́ ọ pé a kì í fi ẹsẹ̀ gbé àgbò, torí ẹsẹ̀ á ṣẹ́: fi apá méjèèjì gbá a mọ́ àyà, kí o sì gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjàkadì òyìnbó tí wọ́n wá mú ọ lọ jà, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ti í di ẹsẹ̀ ẹnìkejì mú. O gbé ọmọ Íjíbítì, o gbé ọmọ Bọ̀lìgéríà, o fi ẹ̀yìn wọn balẹ̀. Nígbà tí o gbé góòlù kọ́rùn dé, gbogbo Òkókómáíkò tò sétí títì, àwọn ọ̀gá eré ìdárayá gbé ọ sí èjìká.

Ọrùn yẹn náà ló ṣẹ́ ní ibùdó tí ẹ ti ń gbára dì. Àwọn ọ̀gá kan náà fi ọkọ̀ gbé ọ wálé, wọ́n tẹ́ ọ sórí ẹní, wọ́n ní, "Baba, a ń padà bọ̀ lọ́la." Ọ̀la yẹn ò mọ́ títí o fi kú. Ìyá rẹ ló ń yí ọ, tó ń nu ìtọ̀ rẹ, títí òun náà fi ṣubú tí kò dìde mọ́. Ọjọ́ tí mo sin ín ni omi ojú mi tán.

Ta ló wá? Sètónjí, ọmọ Ègùn láti Ọ̀tọ̀-Àwórì, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá pàdé nínú ìjàkadì lo máa ń gbé e lulẹ̀. Òun ló ń wá gbé ọ lọ wẹ̀. Á ní, "Àgbò Alábà, ta ló ń gbé ta báyìí?" Ìwọ náà á ní, "Jẹ́ kí n dìde ná, wàá fẹnu jẹ yẹ̀pẹ̀." Ẹ̀rín yín nìkan ló kù nínú ilé mi.

Ní báyìí àwọn ọ̀gá ti dé nínú agbádá. Wọ́n ní àwọn ni yóò gbé pósí rẹ, àwọn á fi àsíá bò ó. Mo ní níbo ni àsíá wà nígbà tí egbò ń jẹ ọ́ lẹ́yìn? Àwọn ẹbí ní kí n gbà, ẹ̀yẹ ni, èmi ò kúkú ní sí níbẹ̀; baba kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, kì í mọ ojú oórì rẹ̀. Èyí tó jẹ́ àṣà níbẹ̀, mo gbà. N ó jókòó sílé ní Ìbà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹ ti ń ka ìwé yìí, kí ọwọ́ yín má kan pósí ọmọ mi, kí ẹ má bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Sètónjí ni yóò ṣíwájú àwọn tó ń gbé e. Ó bi mí pé báwo ni kí òun ṣe sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ní jẹ́jẹ́, bí ìwọ kò ti sọ òun kalẹ̀ rí.

Sùn re, ọmọ mi. Mi ò ní mọ ibi tí o wà, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ tó tẹ́ ọ síbẹ̀.