Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Fi Ń Dẹ́rù Ba Ọmọ

Ìṣó gún àbúrò mi obìnrin ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e, ó sì ń bá wa jẹun bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ìgbà tí ẹsẹ̀ náà wú débi pé ìbọ̀sẹ̀ ò ṣe é bọ́ mọ́ la tó mọ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Ìrora kọ́ ló ń bẹ̀rù. Abẹ́rẹ́ ni.

Àkúrẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, lápá Ọ̀bà-Ilé, ní àwọn ọdún tí nǹkan le, tí aláìsàn ń ra òwú àti abẹ́rẹ́ tirẹ̀ dání lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ìyá inú ilé ti sọ ọ́ di ẹ̀rù. Bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, wọ́n á ké sí i: "Nọ́ọ̀sì o, ẹ gbé abẹ́rẹ́ wá, èyí tó gùn jù lọ!" Òun náà á ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ funfun rẹ̀: "Ó dà? Ìdí wo ni kí n kọ́kọ́ gún?" Ọmọ á fẹré gé e. Àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Inú ṣì ń bí mi. Ọmọ ọwọ́ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára á ké, á sì gbàgbé kí wọ́n tó gbé e délé. Àwọn àgbà ni kì í jẹ́ kó gbàgbé.

Lọ́jọ́ tí a rí ẹsẹ̀ náà, bí nọ́ọ̀sì ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó báyìí, àbúrò mi já jáde, ó ń tiro sáré lọ sí títì. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló gbá a mú kí mọ́tò tó gbá a. Ó sọ fún mi pé: "Ó ní, 'Bọ̀dá, ẹ fi mí pamọ́, wọ́n fẹ́ pa mí.' Mo rò pé gbọ́mọgbọ́mọ ló ń lé e."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ síwájú àbúrò mi. "Eré ni mo máa ń bá ẹ ṣe, ìyá mi."

"Irọ́! Ẹ ní èyí tó gùn jù lọ lẹ máa fi gún mi!"

Ìyá onílé wa dá sí i: "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwa náà. Ta ló pa?"

Ìyá mi, ọmọ Oǹdó tí kì í jágbe mọ́ àgbà, jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn: "Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ mi, mà! Ṣé ó di ìgbà tó bá kú?"

A pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Mẹ́tírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, wo egbò náà, ó wo ojú wa. "Ta ló dẹ́rù ba ọmọ yìí?" Ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tó gùn jù lọ náà fún un. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n fa ọyún jáde, ó sì ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

Mẹ́tírọ́ọ̀nù wá sọ bí yóò ṣe rí: "Ẹ máa gbé e wá ká máa fọ egbò náà, bí ẹ bá jáfara, ẹsẹ̀ yìí lè lọ. Abẹ́rẹ́ kejì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ má sọ fún un pé kò ní dùn ún. Ẹ ní ó máa dùn ún díẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi abẹ́rẹ́ halẹ̀ mọ́ ọn kó tó dé ibí, onítọ̀hún ni màá kọ́kọ́ gún, níṣojú ọmọ yìí."