Ojú Ni Kí Ẹ Wọn, Ẹ Má Wọn Aṣọ: Ìdágbére fún Ìyá Dúpẹ́ Onífọ́tò

Ìyá Dúpẹ́, ó wá di gbére báyìí. Láti ọjọ́ tí Dúpẹ́ ti pè mí pé ẹ ti lọ, n kò rí oorun gidi sùn. Mo ń ronú bóyá òjò yóò pa àwọn tó bá wá sin yín. Mo ń ronú bóyá àwọn tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú yìí yóò ba àwòrán iwájú rẹ̀ jẹ́, kí ojú yín wá dúdú bí ìdí ìkòkò, lẹ́yìn gbogbo làálàá tí ẹ ṣe lórí mi. Mo ń ronú nípa ọ̀nà Lọ́kọ́ja tí mo máa gbà lọ sílé, nípa bátìrì kámẹ́rà mi tí kì í pẹ́ tán, àti nípa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjerò tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ kẹ́yìn lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe mọra, nítorí àwọn tí yóò ka ìwé yìí. Akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí ni mo jẹ́ ní Vom, lẹ́bàá Jos níbí, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣẹ́gun, àkọ́bí mi, ló ra kámẹ́rà kan fún mi. Mo gbé e lọ sílé láti fi ya ẹ̀gbọ́n mi yìí, tó jẹ́ ìyá ìjọ nínú ìjọ aláṣọ funfun. Ìyá wa kú láìní àwòrán kankan, gbogbo ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ló ń sọ pé ojú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi gbé wá sáyé. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá lọ láìní àwòrán, ojú méjì ni yóò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yà á nígbà mẹ́wàá nínú sùtánà rẹ̀. Aṣọ náà funfun díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, a kò rí imú, a kò rí ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwòrán tí àwọn ẹlòmíràn ti yà á láti ọjọ́ yìí wá. Ó wò ó títí, ó ní, “Ṣé aṣọ ni ẹ máa ń wá yà ni?” Ó ní òun kò jókòó fún kámẹ́rà mọ́, àfi bí ẹnìkan bá lè fi ojú òun han òun.

Mo gbà pé kámẹ́rà ló bàjẹ́. Ìdí tí mo fi gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù yín nítòsí Tina Junction nìyẹn. Kí ẹ tó tú u kúrò nínú àpò, mo ti bi yín lẹ́ẹ̀mẹta bóyá eruku ọyẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Ẹ wo àwọn àwòrán náà, ẹ wo èmi náà, ẹ rẹ́rìn-ín.

“Haba, Bàbá Ṣẹ́gun. Kò bàjẹ́ o. Ẹ̀rù ló ń bà á, bíi tiyín. Ó rí funfun púpọ̀, kò mọ̀ pé aṣọ ni, ó rò pé oòrùn ni. Ló bá ti ilẹ̀kùn.”

Ọjọ́ náà ni ẹ di ọ̀gá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún mẹ́jọ jù yín lọ. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ fa kọ́tìnnì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ní bí ihò inú lẹ́ǹsì ṣe ń fẹ̀ tó sì ń dín nìyẹn. Ẹ ṣí i, ẹ ka ení, èjì, ẹ pa á dé, ẹ ní bí ilẹ̀kùn kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó padé nìyẹn, pé bí ó bá pẹ́ jù tí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, àwòrán á dàrú. Ẹ̀kẹta ni áísò, bí ojú kámẹ́rà ṣe mú tó nínú òkùnkùn. Ẹ ní kí n má gbé e sókè jù, kí àwòrán má baà dà bí ohun tí eruku ọyẹ́ bà lé.

Sùúrù yín yà mí lẹ́nu. Bí mo bá ti ya ẹyọ kan, màá wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, màá pa á rẹ́, màá tún un yà. Ẹ mú téèpù dúdú tí wọ́n fi ń wé wáyà iná, ẹ fi bo ibi tí mo ń wò. Ẹ ní, “A hankali, Bàbá, ẹ rọra. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ ronú, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán.” Oṣù méjì ni téèpù yẹn fi wà níbẹ̀. Mo ń kọ nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ tí mo fi ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Àgbò funfun tí Mallam tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yín so mọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo fi ń kọ́ṣẹ́, títí Mallam fi ń fi Haúsá bi mí ọjọ́ wo ni mo fẹ́ san owó orí rẹ̀.

Ohun tí kò yé mi ni pé ẹ ní kí n fi ìmọ́lẹ̀ kún un nígbà tí funfun bá pọ̀. Mo jiyàn. Ẹ dáhùn ní gbólóhùn kan: “Ojú ni kí ẹ wọn, ẹ má wọn aṣọ.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ yá sùtánà lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú yín, mo wọn ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, mo padà sẹ́yìn láìyí nọ́ńbà náà padà, mo pe orúkọ yín bí ẹ ṣe máa ń pe orúkọ gbogbo oníbàárà yín kí ẹ tó yà wọ́n, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ní ó tó. Ẹ ṣí téèpù kúrò.

Ìyá Dúpẹ́, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ohun tí mo rí. Pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín hàn. Ìmọ́lẹ̀ kéékèèké jókòó sínú ẹyinjú yín méjèèjì. Mo rí òógùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú yín, mo rí gbogbo ìṣẹ́po aṣọ funfun náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí yín, síbẹ̀ n kò mọ̀ pé ẹ ní pélé. Mo jókòó. Mo ń wo bí Ọlọ́run ṣe dá ojú ènìyàn. Mo rántí ìyá mi, mo sì sunkún níwájú yín. Mo nu ojú mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ sọ pé, “Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sílé.” Àwòrán náà ló wà níwájú ìwé yìí.

N kò lọ. Mo ní kí òjò dá. Mo ní ọ̀nà kò dára. Mo ní kí n kọ́kọ́ ra bátìrì kejì. Nígbà tí àìsàn gbé yín dè, ẹ pè mí láti orí ibùsùn, ẹ bi mí bóyá mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ojú tì mí, mo ní mo ti wà ní Ìjerò.

“Ojú wọn hàn?”

Mo ní ó hàn. Ẹ ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá Ṣẹ́gun,” bí ẹni pé ẹ̀yin ni mo ṣe é fún. Ní ọjọ́ kẹta ni Dúpẹ́ pè mí.

Ẹ dárí jì mí. N kò fẹ́ kí irọ́ ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo bá ọ̀gá mi sọ. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni ohun tí òun máa sè dè mí. Ẹ̀rù ọ̀nà náà ṣì ń bà mí, n kò ní fi èyí pamọ́ fún yín.

Ẹ sùn ire, ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni sọnù nínú aṣọ rẹ̀. A ó sin yín ní ọjọ́ Ẹtì, a ó ṣe ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, èmi yóò sì wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó bá kúrò ní Jos ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.