Hogla, Ẹrú Elasa, Nígbà Ìṣubú Ọba Sedekiah

Ọdún keje ló yẹ kí Hogla ti gba òmìnira gẹ́gẹ́ bí òfin wa, ṣùgbọ́n Elasa ọ̀gá rẹ̀ kì í mọ òǹkà tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹrú. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Ògiri kan ló wà láàárín ààrò búrẹ́dì mi àti àgbàlá tí Elasa àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé.

Nígbà tí ogun Babiloni dó ti Jerusalemu, ẹ̀rù ba ọba Sedekiah. Ó ní kí àwọn ọlọ́lá tú ẹrú wọn tó jẹ́ Heberu sílẹ̀. Wọ́n la ọmọ màlúù sí méjì, wọ́n rin àárín rẹ̀ kọjá, pé ẹni bá dalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Elasa náà rìn. Hogla kó wá sọ́dọ̀ mi, ó ń kọrin bó ṣe ń po ìyẹ̀fun.

Ká tó wí ká tó fọ̀, ogun Farao jáde láti Egipti, àwọn ará Babiloni sì ṣí lọ. Ìlú ń jó ijó ayọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Elasa dé ẹnu ọ̀nà mi.

"Hogla, ó yá, ilé."

"Ọ̀gá, ṣebí ẹ rìn láàárín màlúù?"

"Ogun ló ní ká rìn. Ogun ọ̀hún dà?"

Ó fà á lọ́wọ́ lọ sílé. Inú bí mi débi pé ó kù díẹ̀ kí n fi ọ̀pá ààrò là á lórí. Wòlíì kan nílùú bínú jù mí lọ. Ó ní nítorí májẹ̀mú tí wọ́n dà yìí, ogun yóò padà, ọba yóò sì rí ọba Babiloni lójúkojú. Wòlíì mìíràn tó ti wà nígbèkùn ní Babiloni ránṣẹ́ pé wọn á mú ọba dé Babiloni, ṣùgbọ́n kò ní fojú rí i. A rẹ́rìn-ín títí: kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ lọ fìmọ̀ ṣọ̀kan ná!

Ogun padà lóòótọ́. A ò lè jáde, oúnjẹ ò lè wọlé. Ààrò mi tutù. Mo ń gbọ́ Elasa lẹ́yìn ògiri:

"Gbà kí n lu etí rẹ mọ́ òpó ilẹ̀kùn, kí o di ẹrú tèmi títí láé. Búrẹ́dì wà fún ẹni tèmi."

"Ẹ jẹ́ kí n kú bẹ́ẹ̀."

"Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wàá gbà."

Mo yọjú sí Hogla. "Ọmọ mi, gbà. Etí kì í ṣe ẹ̀mí."

"Màmá, àfi kí ìlú yìí fọ́ kí n tó lè kúrò nílé yìí. Ṣé kí n wá máa gbàdúrà pé kó fọ́ ni?"



Odi ya. Ọba gba ibodè ọgbà sá lóru, wọ́n sì bá a ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jẹriko. Ó rí ọba Babiloni lójúkojú. Wọ́n pa àwọn ọmọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀, wọ́n wá fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n wọ́ ọ lọ sí Babiloni. Ojú tì mí fún ẹ̀rín tí mo rín.

Wọ́n ń kó àwọn ọlọ́lá lọ. Tálákà ni wọ́n ń fi sílẹ̀, tí wọ́n ń fún ní ọgbà àjàrà. Elasa wọ àkísà, ó dì mọ́ Hogla.

"Ọmọ mi, sọ fún wọn pé ẹrú ni mí. Mo bẹ̀ ọ́."

Ọ̀gá àwọn ọmọ ogun dúró. "Ta nìyí?"

Hogla dáhùn pé, "Ẹrú ni, ọ̀gá. A jọ ń sìn ni."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ò tíì rìn dé ìkóríta tí Elasa fi ju ẹrù rẹ̀ sí Hogla lẹ́sẹ̀.

"Ó yá, gbé e. À ń lọ sílé."

Hogla wo ẹrù náà. Ó sáré tọ àwọn ọmọ ogun lọ.

"Mo purọ́," ló wí. "Ọlọ́lá ni."

Wọ́n de Elasa mọ́ àwọn yòókù. Hogla jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún ju ìyàwó Elasa lọ.